Rúùtù kánà: kí ló ń mú kí eyín tí wọ́n ṣe é fún pẹ́ lẹ́nu?

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Eyín ńlá kan tí ó wà lẹ́yìn nísàlẹ̀, lápá òsì, ni ó ń dà mí láàmú láti nǹkan bí ìgbà Iléyá. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú tán, mo lọ rí dókítà eyín, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé yíyọ ni wọn yóò yọ ọ́, ṣùgbọ́n dókítà ní eyín náà ṣì ṣe é gbà là, pé àwọn yóò fọ inú gbòǹgbò rẹ̀, àwọn yóò sì dí i pa, èyí tí wọ́n ń pè ní rúùtù kánà. Wọ́n ti ṣe é parí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìrora ti lọ, wọ́n sì fi nǹkan funfun kan dí ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ẹnìkan ní ọ́fíìsì wa ní tòun kò pé ọdún méjì tí ó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro òun, ẹlòmíràn sì ní tòun ti lé ní ogún ọdún, òun sì ń fi í jẹ ẹran títí di òní. Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Ṣé ọwọ́ dókítà ni, àbí ara ẹni, àbí ohun tí a ń jẹ? Dókítà mi ní kí n wá fi kíráùn, ìyẹn ìdérí líle tí ó ń bo gbogbo orí eyín, dé e, ṣùgbọ́n owó kíráùn náà ju owó rúùtù kánà fúnra rẹ̀ lọ, mo sì ń rò ó bóyá kí n fi í sílẹ̀ di ìparí ọdún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá mọ̀ nípa rẹ̀ kí ó bá mi dá sí i.

Màmá Gbàgí

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Má dúró di ìparí ọdún. Ọkọ mi ṣe irú rẹ̀ sí eyín ẹ̀yìn lápá òkè, ilé ìwòsàn tí ó ti ṣe é kò sì sọ nǹkan kan fún un nípa ìdérí. Wọ́n kàn dí i, wọ́n gba owó wọn, wọ́n ní ó di gbéré. Eyín náà kò ro ó rárá, ó sì ń fi í jẹun bí ó ti wù ú. Ní ọjọ́ kan tí a ń jẹ ìrẹsì ọ̀fadà, òkúta kékeré kan tí ó fara pamọ́ sínú ìrẹsì náà bọ́ sí abẹ́ eyín yẹn gan-an. Gbogbo wa tí a jókòó ni a gbọ́ ìró rẹ̀. Eyín náà là sí méjì láti òkè dé gbòǹgbò, débi pé bí ó bá fi ahọ́n tì í, apá kan á yẹ̀ síwájú, apá kejì á dúró sí ààyè rẹ̀. Dókítà tí a lọ bá lẹ́yìn náà wo àwòrán rẹ̀, ó ní inú gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ tónítóní, pé kò sí àrùn kankan ní ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n pé kò sí ohun tí òun lè ṣe sí eyín tí ó ti là dé gbòǹgbò ju kí òun yọ ọ́ lọ. Ohun tí ó dùn mí jù nínú rẹ̀ nìyẹn: iṣẹ́ dára, eyín lọ.

Dókítà Eyín

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá, ẹ bá mi kí Bàbá. Mo máa ń rí irú rẹ̀ dáadáa, n ó sì padà sí ọ̀rọ̀ ìdérí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú eyín náà wá sí òde, nítorí pé bí a kò bá mọ ohun tí ìtọ́jú yìí ń lé jáde, a kò ní mọ ohun tí ó lè padà wọlé.

Ẹran rírọ̀ kan wà nínú eyín kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ń gbà kọjá, ó sì gba ihò tóóró inú gbòǹgbò lọ títí ó fi dé inú eegun. Nígbà tí eyín bá jẹrà dé ibẹ̀, kòkòrò àìfojúrí á wọlé, ẹran náà á kú, àwọn kòkòrò náà á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ì bá gbé oògùn tàbí ohun ìjà ara wá bá wọn kò dé ibẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí oògùn tí ẹ rà ní kẹ́mísì fi ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí yóò sì tún wú padà. Ní ọdún 1965, Kakehashi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà lu ihò sí eyín àwọn eku kan tí wọ́n tọ́ níbi tí kòkòrò kankan kò sí, wọ́n sì lu irú ihò kan náà sí eyín àwọn eku tí wọ́n ń gbé bí eku ṣe ń gbé. Oúnjẹ há sínú ihò eyín ọ̀wọ́ eku méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹran inú eyín ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ kò kú. Ṣe ni ó tún ara rẹ̀ ṣe, tí ó sì ń mọ ògiri líle tuntun bo ojú ọgbẹ́ náà, nígbà tí ti ọ̀wọ́ kejì kú tí ó sì di ọyún. Láti ìgbà náà kò sí àríyànjiyàn mọ́ lórí ẹni tí ọ̀tá jẹ́. Gbogbo ohun tí a ó máa sọ níhìn-ín kò kọjá ìbéèrè méjì: ṣé wọ́n lé kòkòrò jáde tó, ṣé wọ́n sì dí ọ̀nà kí òmíràn má baà wọlé?

Ohun kìíní tí ó ń pinnu ọjọ́ iwájú eyín náà ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó jókòó sórí àga wa rárá. Sjögren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden tẹ̀lé àwọn aláìsàn fún ọdún 8 sí 10, wọ́n sì gbé àbájáde wọn jáde ní 1990. Eyín tí àrùn kò tíì dé eegun ìdí gbòǹgbò rẹ̀ nígbà tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ṣe dáadáa ní ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí ẹran inú rẹ̀ ti kú, tí òjìji dúdú (àmì pé àrùn ti jẹ eegun ibẹ̀) sì ti hàn ní ìdí gbòǹgbò rẹ̀ lórí X-ray, jẹ́ ìdá 86. Èyí tí wọ́n ti dí tẹ́lẹ̀, tí ó bàjẹ́, tí wọ́n sì tún un ṣe pẹ̀lú òjìji dúdú ní ìdí rẹ̀, jẹ́ ìdá 62 péré. Nítorí náà, ẹni tí ó ń fi paracetamol pa eyín rẹ̀ lẹ́nu mọ́ fún ọdún kan kí ó tó wá, kò ní irú àǹfààní tí ẹni tí ó tètè wá ní, bó ti wù kí ọwọ́ dókítà dá ṣáṣá tó.

Èkejì ni bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́. Faili irin tí a ń tì bọ inú gbòǹgbò kò lè kan gbogbo ògiri rẹ̀, nítorí pé ihò náà kì í rí róbótó. Omi hypochlorite ni ó ń wọ ibi tí irin kò dé, ó ń pa kòkòrò, ó sì ń yọ́ ẹran tí ó ti kú. Èròjà kan náà ni ó wà nínú Hypo àti Jik tí ẹ fi ń fọ aṣọ funfun, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé tilé sẹ́nu. Kí omi náà tó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìsí ewu, kí itọ́ má sì ṣàn wọ inú ohun tí a ń fọ̀, ó yẹ kí wọ́n fi rọ́bà pẹlẹbẹ bo ẹnu yín, kí ó jẹ́ pé eyín tí wọ́n ń tọ́jú nìkan ni ó yọ jáde láàárín rẹ̀. Kì í ṣe nǹkan tuntun; Barnum ti ń lò ó ní New York láti ọdún 1864. Síbẹ̀, ibi tí wọn kì í ti lò ó ṣì pọ̀. Èmi fúnra mi gbà pé aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì wá ibòmíràn lọ bí wọ́n bá fi í rẹ́rìn-ín.

Ẹ gba X-ray tí wọ́n yà lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ sì wò ó dáadáa. Ohun funfun tí ó rí bí fọ́nrán òwú nínú gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan ni gutta-percha, oje igi tí ó ti ìhà Malaysia wá, tí wọ́n pò mọ́ èròjà mìíràn. Ó yẹ kí ó gbòòrò lókè, kí ó máa tín-ín-rín bọ̀ wá sí ṣóńṣó, kí àlàfo dúdú má sí láàárín òun àti ògiri gbòǹgbò, kí ó sì dúró ní nǹkan bí mílímítà 2 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ sí ṣóńṣó gbòǹgbò, láìyọ síta. Nínú ìwádìí Sweden yẹn kan náà, láàárín àwọn eyín tí ó ti ní òjìji dúdú, èyí tí ohun tí wọ́n fi dí i dúró síbi tí ó yẹ ṣe dáadáa ní ìdá 94, èyí tí ó yọ síta jẹ́ ìdá 76, èyí tí ó kúrú jù sì jẹ́ ìdá 68. Kíkúrú túmọ̀ sí pé ibì kan wà nísàlẹ̀ tí omi kò dé.

Bàbá Houston

Ẹ kú àlàyé, Dókítà. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un láti ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí. Ìṣirò tí ó tóbi jù tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Salehrabi àti Rotstein, tí ó jáde ní 2004. Inú àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ adójútòfò eyín ni wọ́n ti kó o jọ, eyín 1,462,936 sì ni wọ́n kà. Lẹ́yìn ọdún 8, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó ṣì wà lẹ́nu àwọn tí ó ni wọ́n. Ẹ wá wo àwọn tí wọ́n yọ: ìdá 85 nínú wọn ni kò ní ìdérí tí ó bo gbogbo orí eyín. Ìwádìí mìíràn tí Aquilino àti Caplan ṣe ní Iowa, tí ó jáde ní 2002, rí i pé eyín tí kò ní kíráùn ń lọ ní ìlọ́po mẹ́fà ju èyí tí ó ní. Nítorí náà, Ọmọ Òkè-Àdó, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, n ó ní kíráùn ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ, ọ̀rọ̀ sì parí.

Àwọn ènìyàn wa níbí náà máa ń sún un síwájú, nítorí pé adójútòfò eyín máa ń ní iye tí kò ní san kọjá lọ́dún kan. Bí rúùtù kánà bá ti jẹ ẹ́ tán ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n á ní kí kíráùn dúró di oṣù kìíní. Mi ò bá wọn wí, ṣùgbọ́n eyín kì í ka kàlẹ́ńdà.

Dókítà Eyín

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo gba ìṣirò náà, ṣùgbọ́n mi ò gba pé ọ̀rọ̀ parí. Lákọ̀ọ́kọ́, eyín tí ó ṣì wà lẹ́nu kò fi dandan jẹ́ eyín tí ó ti san. Ó lè wà níbẹ̀ kí àrùn sì máa jẹ eegun ìdí rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí ó rí owó kíráùn san sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ó ń rí dókítà déédéé, dókítà kì í sì í fi kíráùn dé eyín tí ó ti rí i pé kò ní pẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìlọ́po mẹ́fà náà ni a lè gbé fún kíráùn.

Àwọn onímọ̀ pàápàá ti bá ara wọn jiyàn lórí èyí. Ní 1995, Ray àti Trope wo X-ray eyín 1,010. Níbi tí iṣẹ́ inú gbòǹgbò àti ohun tí ó bo orí eyín ti dára pọ̀, ìdá 91.4 ni kò ní àrùn ní ìdí. Níbi tí méjèèjì ti burú, ìdá 18.1 péré ni. Ohun tí ó ya ènìyàn lẹ́nu ni ti àárín: orí dídára pẹ̀lú gbòǹgbò tí kò dára jẹ́ ìdá 67.6, ṣùgbọ́n gbòǹgbò dídára pẹ̀lú orí tí kò dára jẹ́ ìdá 44.1, bí ẹni pé ìdérí ṣe pàtàkì ju ìfọ̀mọ́ lọ. Ní ọdún 2000, Tronstad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Norway ṣe irú ìwádìí kan náà lórí eyín 1,001, tiwọn sì wá fi hàn pé iṣẹ́ inú gbòǹgbò ni ó wúwo jù. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má ṣe fi ọ̀kan ra èkejì. Gbòǹgbò tí ó mọ́ lábẹ́ orí tí ó ń jò kò ní pẹ́ mọ́. Gbòǹgbò tí ó dọ̀tí lábẹ́ kíráùn wúrà, ọyún ni yóò máa sun.

Ní ti fífi í sílẹ̀ di ìparí ọdún, ẹ má dán an wò, Ọmọ Òkè-Àdó. Nǹkan funfun tí wọ́n fi dí ojú rẹ̀ yẹn, ti ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Jíjẹun ń jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, omi sì ń wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní 1990, Torabinejad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó eyín tí wọ́n ti dí gbòǹgbò wọn, wọ́n fi ojú wọn sílẹ̀ láìbò, wọ́n sì da kòkòrò lé wọn lórí. Láàárín ọjọ́ 19, irú kòkòrò kan ti gba gbòǹgbò kọjá dé ìsàlẹ̀ nínú ohun tí ó ju ìdajì àwọn eyín náà lọ. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2016 láti ọwọ́ Pratt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì rí i pé eyín tí wọ́n dé ní kíráùn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni wọ́n yọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ju èyí tí wọ́n tètè dé.

Bí owó kò bá tíì sí, ẹ padà lọ bá dókítà yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ ní kí ó yọ nǹkan funfun náà kúrò, kí ó fi amalgam (àdàlù irin) tàbí composite (èròjà tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti eyín) dí i ní àdígbẹ́, kí ó sì rẹ orí eyín náà sílẹ̀ díẹ̀ kí ohun tí ó fi dí i lè bo àwọn ṣóńṣó orí rẹ̀. Kò tó kíráùn, ṣùgbọ́n ó ju àtidúró lásán lọ fíìfíì, owó rẹ̀ kò sì ga tó bẹ́ẹ̀. Eyín iwájú tí kò pàdánù ju ihò kékeré tí a gbà wọlé lọ kò tilẹ̀ nílò kíráùn rárá.

Ọmọ Mushin

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n gbogbo wàhálà yìí lórí eyín kan ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ sọnù, kí owó dúró sápò. Mo sì ti gbọ́ lórí WhatsApp pé eyín tí ó ti kú lẹ́nu ń tú májèlé sínú ẹ̀jẹ̀, pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

Dókítà Eyín

Ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Láàárín ọdún 1910 sí 1930, Weston Price ní Amẹ́ríkà ń kọ́ àwọn ènìyàn pé eyín tí wọ́n ṣe rúùtù kánà fún ń tan àrùn ká ara, àìmọye eyín rere ni wọ́n sì fi yọ dànù nígbà náà. Àwọn tí wọ́n tún ìdánwò rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà pẹ̀lú ìṣọ́ra kò rí ohun tí ó rí, kò sì sí ẹ̀rí pé rúùtù kánà ń fa jẹjẹrẹ. Àrùn tí a fi sílẹ̀ láìtọ́jú ni ó yẹ kí ó bà yín lẹ́rù, torí ọyún eyín ìsàlẹ̀ lè gba abẹ́ àgbọ̀n lọ sí ọrùn kí ó sì dí ọ̀nà èémí.

Ṣùgbọ́n ẹ kò jayò pa lórí ti yíyọ. Ìgbà mìíràn wà tí yíyọ ni ó bọ́gbọ́n mu: bí gbòǹgbò bá ti là, bí eyín náà bá ti ń mì nítorí àrùn ẹran ìdí eyín, tàbí bí ohun tí ó kù lókè ẹran ìdí eyín kò bá tó nǹkan bí mílímítà 2 ti eyín líle yíká, nítorí pé kíráùn kò ní rí ohun dì mú. Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí a dáhùn kí a tó fọwọ́ kan gbòǹgbò. Ó máa ń dùn mí bí aláìsàn bá ná owó tán lórí ìfọ̀mọ́ kí wọ́n tó wá sọ fún un pé orí eyín náà kò ní gba ìdérí. Àwọn ènìyàn rò pé rúùtù kánà fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ eyín di ẹlẹgẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Reeh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n ní 1989, ihò tí a gbà wọlé dín líle eyín kù ní ìdá 5 péré. Bí ẹ̀gbẹ́ eyín méjèèjì bá ti lọ pẹ̀lú àárín rẹ̀, ó dín in kù ní ìdá 63. Ohun tí ìjẹrà ti jẹ lọ ni ó ń là wọ́n.

Tísà Ilé-Ifẹ̀

Dókítà, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ní àtọ̀gbẹ, mo sì ń lo oògùn rẹ̀. Ṣé ó tọ́ kí n ṣe é? Ìbéèrè mi kejì ni pé dókítà tèmi fẹ́ parí rẹ̀ ní ìjókòó kan ṣoṣo, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ó ń kánjú.

Dókítà Eyín

Ẹ lè ṣe é, Tísà. Àtọ̀gbẹ kò dènà rẹ̀, ṣùgbọ́n eegun ìdí gbòǹgbò máa ń pẹ́ san lára ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga, pàápàá bí òjìji dúdú bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà eyín rí èsì àyẹ̀wò HbA1c yín, èyí tí ó ń fi bí ṣúgà yín ti rí láti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn hàn, kí ẹ jẹun, kí ẹ sì lo oògùn yín bí ó ti yẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Bí ẹ bá ń mu sìgá, òun náà ń fa ìwòsàn sẹ́yìn. Ní ti ìjókòó kan tàbí méjì, ìyàtọ̀ tí àwọn ìwádìí rí láàárín wọn kò tó nǹkan. Àkókò tí ó lò lórí ìfọ̀mọ́ ni kí ẹ wò.

Nọ́ọ̀sì Peckham

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ní ìlú London níbí ni Ng àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2011, èyí tí ọ̀pọ̀ dókítà ibí ń tọ́ka sí. Wọ́n rí i pé ìdá 83 nínú gbòǹgbò tí wọ́n ṣe ní ìgbà àkọ́kọ́ àti ìdá 80 nínú èyí tí wọ́n tún ṣe ni ó san, àti pé ìdá 95 eyín ṣì wà lẹ́nu lẹ́yìn ọdún 4. Ohun tí wọ́n ní ó ń ràn án lọ́wọ́ kò jìnnà sí ohun tí Dókítà ti kà sílẹ̀: kí òjìji dúdú má sí, tàbí kí ó kéré, kí ọyún má tíì lu ẹran ìdí eyín jáde, kí faili dé ṣóńṣó gbòǹgbò láìyọ síta, kí ìdérí rẹ̀ sì dára.

Ní England, rúùtù kánà wà ní Band 2, ìyẹn ìpele owó kejì, lórí owó NHS, ètò ìlera ìjọba, kíráùn sì wà ní Band 3. Bí ẹ bá gba méjèèjì nínú ètò ìtọ́jú kan ṣoṣo, owó Band 3 nìkan ni ẹ ó san, kì í ṣe àròpọ̀ méjèèjì. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, ẹ bèèrè nípa kíráùn kí wọ́n tó parí ètò ìtọ́jú yín.

Ohun tí mo tún fẹ́ fi kún un ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àìsí ìrora dá ara rẹ̀ lójú. Àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù ní kí a ya X-ray mìíràn ó kéré tán lẹ́yìn ọdún kan, bí òjìji dúdú kò bá sì tíì parẹ́ tán, kí a máa ṣọ́ ọ títí di ọdún 4 kí a tó sọ pé iṣẹ́ náà bàjẹ́. Eegun kì í kánjú. Ẹ ní kí wọ́n fi X-ray ti ọjọ́ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù yín, nítorí pé dókítà tí yóò wò yín lọ́dún tó ń bọ̀ lè má jẹ́ ẹni kan náà, bí kò bá sì rí ti àtẹ̀yìnwá, kò ní mọ̀ bóyá òjìji tí ó ń wò ń fẹ̀ sí i ni tàbí ó ń dín kù. Ẹ máa wo ẹran ìdí eyín náà nínú dígí pẹ̀lú. Bí nǹkan bíi róro kékeré bá yọ níbẹ̀, tí ó ń tú omi kíkorò, tí ó ń lọ tí ó sì ń padà wá, kò gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí yóò dùn yín.

Bàbá Houston

Nọ́ọ̀sì, o ṣé é ọmọ mi. Dókítà, ẹ bá mi ṣàlàyé nǹkan kan. Ọ̀gbẹ́ni kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ṣe tirẹ̀ sí eyín kékeré tí ó tẹ̀lé eyín ajá nísàlẹ̀, wọ́n fi rọ́bà bò ó, wọ́n sì tètè dé e. Síbẹ̀ ó bàjẹ́. Àkànṣe dókítà gbòǹgbò tí ó lọ bá wá fi awò tí ó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, ó ní ihò méjì ni eyín náà ní, pé ọ̀kan ni wọ́n fọ̀.

Dókítà Eyín

Ọ̀kan nínú ohun tí ó ń ba iṣẹ́ rere jẹ́ jù lọ nìyẹn, Bàbá, ó sì kan àwa ènìyàn dúdú gan-an. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ wa ní eyín yẹn sábà máa ń ní ihò kan. Ní 1986, Trope àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wo X-ray àwọn ènìyàn dúdú àti funfun: láàárín àwọn dúdú, ìdá 32.8 ni ó ní ju ihò kan lọ nínú eyín náà, láàárín àwọn funfun, ìdá 13.7. Ẹni kan nínú mẹ́ta kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò. Eyín ńlá àkọ́kọ́ ti òkè náà máa ń fi ihò kẹrin pamọ́ sínú gbòǹgbò tí ó wà níwájú, lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́, nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí náà, ìbéèrè kan tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ ni kí ẹ bi dókítà yín pé, "Ihò mélòó ni ẹ rí, mélòó ni ẹ sì dí?" Ẹni tí ó wá a dáadáa kò ní bínú sí ìbéèrè náà.

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á san yín lóore. Mo ti pe dókítà mi: ihò mẹ́rin ni ó rí, ó dí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó lo rọ́bà, ó sì gbà láti fi amalgam bo gbogbo orí eyín náà ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ títí n ó fi rí owó kíráùn. Ohun tí ó kù ni oúnjẹ. Ṣé mo ṣì lè jẹ obì àti orógbó, ṣé mo sì lè fọ eegun?

Dókítà Eyín

Ẹ lè jẹ obì. Orógbó, ẹ fi ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́ tàbí kí ẹ fi apá kejì jẹ ẹ́ títí kíráùn yóò fi dé. Eegun fífọ̀, kódà lẹ́yìn kíráùn, mi ò ní fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní fọwọ́ sí fífi eyín ṣí ìgò míńrà. Eyín tí iṣan rẹ̀ ti lọ kò lè fi ara ro yín kí ó tó sán.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹ tó dìde lórí àga, ẹ pa eyín dé, kí ẹ sì rọra rún un sọ́tùn-ún sósì. Bí eyín yẹn bá ti ń ṣíwájú àwọn yòókù pàdé ti òkè, ẹ sọ fún dókítà kí ó fi ẹ̀rọ rẹ́ ẹ wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ náà yóò fi kún ti ọjọ́ náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ní ọjọ́ tí kíráùn bá wọlé. Lẹ́yìn náà, etí kíráùn níbi tí ó ti pàdé ẹran ìdí eyín ni kí ẹ máa fọ̀ jù, kí ẹ máa fi òwú eyín gba àárín rẹ̀ lálaalẹ́, nítorí pé kíráùn kì í jẹrà, ṣùgbọ́n eyín tí ó wà lábẹ́ etí rẹ̀ ń jẹrà. Pákò kò burú, bí ẹ bá ti rún ṣóńṣó rẹ̀ títí ó fi rọ̀, tí ẹ sì ń fi í dé ẹ̀yìn, kì í ṣe iwájú nìkan.